Fletcher Henderson: ṣé Goodman ló jí iṣẹ́ ẹ̀ ni, àbí owó ìwé orin ló kéré?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ jáàsì àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Mo ń gbọ́ Benny Goodman, òyìnbó tó ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì tó sì ní báńdì, látàárọ̀, èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀, tí mo bá ti wò ó báyìí, Fletcher Henderson ló tò ó, ìyẹn ni pé òun ló kọ ohun tí olórin kọ̀ọ̀kan máa lù tàbí fọn. Kí ló wá dé tó jẹ́ Goodman ni gbogbo ayé ń pè ní ọba swing (jáàsì báńdì ńlá tí wọ́n ń jó sí nígbà yẹn), tí báńdì Henderson fúnra ẹ̀ sì ń tú ká lórí ẹ̀? Ṣé kì í ṣe olè jíjà nìyẹn? Àbí òun náà ni ò mọ iṣẹ́ ṣe?

*

Ọ̀nà méjì péré lẹ là fún wa, ká pe Goodman lólè tàbí ká pe Henderson ní aláìmọ̀ọ́ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí àwọn èèyàn tó ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí, ibi méjì yẹn náà ni wọ́n máa ń dúró sí, èmi ò fara mọ́ ìkankan. Ohun tó gbé Henderson ṣubú, lójú tèmi o, wà nínú bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ẹni tó ń to orin láyé ìgbà yẹn àti nínú irú èèyàn tí wọ́n ń jẹ́ kó wọ ibi tówó wà. Màá ṣàlàyé ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́ torí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ju orúkọ lọ.

Cuthbert ní Georgia ni wọ́n bí i sí, December 1897. Bàbá ẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé níbẹ̀, ìyá ẹ̀ ń kọ́ọ̀yàn ní píánò, ilé tí wọ́n ti gbà pé ìwé ni gbogbo nǹkan. Ó lọ sí Atlanta University, kẹ́mísìrì àti ìṣirò ló kà, ó parí ní 1920, ló bá gba New York lọ pé òun fẹ́ kàwé sí i. Dúdú tó fẹ́ fi kẹ́mísìrì jẹun ní Amẹ́ríkà ọdún 1920, ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tó máa já sí. Píánò ló padà bọ́ ọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ fún Pace àti Handy, àwọn tó ń ta ìwé orin, kí oníbàárà lè gbọ́ orin kó tó rà á, nígbà tí Harry Pace sì dá Black Swan sílẹ̀ ní 1921, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tàwọn dúdú fúnra wọn, Henderson ló fi ṣe olórí orin níbẹ̀. Òun ló tẹ píánò tẹ̀lé Ethel Waters, obìnrin akọrin, nígbà tí wọ́n ń gbé orin kiri láti ìlú dé ìlú.

Nígbà tó máa fi di 1924 báńdì ẹ̀ ti wọ Roseland, gbọ̀ngán ijó ńlá kan ní Broadway. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn òyìnbó nìkan ló ń jó níbẹ̀, àwọn dúdú ló ń lù fún wọn. Ọdún púpọ̀ ló lò níbẹ̀.

*

Ẹnì kan ti dá mi lóhùn pé Don Redman, tó wà nínú báńdì ẹ̀, ló ṣe gbogbo ẹ̀, pé Henderson kàn jókòó sídìí píánò ni.

Ìdajì ẹ̀ jóòótọ́. Títí di 1927 Redman ló ń to èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Ó pín báńdì sí agboagbo, àwọn onítìróńpẹ́ẹ̀tì àti onítìróḿbóònù lápá kan, àwọn onísàsófóònù àti kílárínẹ́ẹ̀tì lápá kejì, àwọn tó ń gbé orin ró láti ìsàlẹ̀ lápá kẹta, ìyẹn píánò, báńjò, túbà àti ìlù. Tí agbo kan bá lé e, èkejì á gbè é. Àwa tí wọ́n bí sínú lílé àti ègbè, etí wa gbà á kíá. Òun nìkan kọ́ ló ń dán an wò, àwọn tó ń to orin fún Paul Whiteman, òyìnbó tó ní báńdì ńlá, náà ń pín agbo, àmọ́ tiwọn máa ń wọ kóòtù jù, ẹsẹ̀ èèyàn ò ní fẹ́ẹ́ kúrò nílẹ̀.

Ohun tó tún gbogbo ẹ̀ ṣe ni Louis Armstrong, onítìróńpẹ́ẹ̀tì. Ìparí 1924 ni Henderson pè é wá láti Chicago, ó lo bí ọdún kan lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ New York yẹn mọ ìwé orin kà ju Armstrong lọ, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa ohùn sẹ́yìn, bó ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀ kó tó já, kò sẹ́ni tó ti gbọ́ irú ẹ̀ nínú wọn. Ẹ gbọ́ “Copenhagen” ti ìparí 1924 kẹ́ ẹ wá gbọ́ “Sugar Foot Stomp” ti 1925, ẹ máa gbọ́ bí gbogbo báńdì ṣe ń kọ́ ìrìn tuntun. Coleman Hawkins tó ń fọn sàsófóònù tẹ́nọ̀ níbẹ̀, tó ti ń pariwo gbàgà tẹ́lẹ̀, di ẹlòmíì.

Redman wá lọ ní 1927, ó lọ bá McKinney's Cotton Pickers ní Detroit. Ibí gan-an làwọn tó ń sọ pé “Redman ni” ò kì í dé. Nítorí Henderson tí à ń gbọ́ lọ́dọ̀ Goodman, ìkọ̀wé ẹ̀ ò jọ ti Redman mọ́. Redman fẹ́ràn àrà, á yí síbí á yí sọ́hùn-ún, orin kan lè gba ẹnu ọ̀nà márùn-ún kó tó délé. Henderson, nígbà tó wá gbájú mọ́ títò orin fúnra ẹ̀ ní nǹkan bíi 1931 sí 1934, yíyọ ló ń yọ nǹkan kúrò. Ó ń kọ ohùn àwọn onísàsófóònù bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a fọn látọkàn wá, tí àwọn yòókù kàn ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onítìróńpẹ́ẹ̀tì á wá máa já lu ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ní kúkúrú. Èyí rọrùn láti gbọ́, kò rọrùn láti kọ.

*

Mo mọ̀ pé kò rọrùn torí mo ń kọ ìwé fún àwọn onífèrè, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti fún báńdì òde. Mo ti gbé irú ẹsẹ̀ sàsófóònù Henderson síwájú àwọn ọmọ tó ń fọn fún wa rí. Ẹni tó di ohùn kẹta mú fọn tiẹ̀ lóun nìkan, ó ní “bọ̀ọ̀dá, ìwé yìí ní àṣìṣe, ibí kò dún bí orin.” Mo ní kí gbogbo wọn fọn ọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ àṣìṣe mọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ò ní adùn lọ́tọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ti òkè á rọ.

Ohun kejì tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá ní kí n to orin fóun, ẹ̀ẹ̀kan ló máa san. Mo ti kọ nǹkan fún báńdì kan tó fi ṣe òde títí tí orin yẹn fi di ohun tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́, tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń pè wọ́n sáríyá, owó ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn náà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọn ò jí i. Mo tà á ni. Ṣùgbọ́n iye tí mo tà á àti iye tó ń pa wọlé ò pàdé níbì kan. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń béèrè bóyá olè ni Goodman, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

*

Ó yá, ọ̀rọ̀ Goodman.

Ìparí 1934, báńdì Henderson tú ká ní Detroit, owó ò sí, àwọn ọmọ báńdì fi í sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní September, ni wọ́n gbé “Wrappin' It Up” àti “Down South Camp Meeting” jáde fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Decca, méjèèjì wà lára ohun tó dáa jù tó kọ láyé ẹ̀. Ẹ wo bí àsìkò ṣe burú sí. Ní December 1 ni ètò rédíò kan tí wọ́n ń pè ní Let's Dance bẹ̀rẹ̀ lórí NBC, alálẹ́ Sátidé, ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ló ń sanwó ẹ̀. Báńdì mẹ́ta ló ń pín in ṣe: Kel Murray ń ṣe orin jẹ́jẹ́, Xavier Cugat ń ṣe ti Látìn, Goodman ló wà fún èyí tó gbóná. Orin tuntun ni wọ́n nílò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, Goodman ò ní ìwé tó pọ̀ tó, John Hammond, tó máa ń bá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wá olórin, sì ti mọ Henderson dáadáa, ló bá so wọ́n pọ̀. Iye tí wọ́n máa ń dárúkọ fún ìwé orin kan ni dọ́là 37 àti 50 sẹ́ńtì.

Nínú ìdààmú ọrọ̀-ajé ìgbà yẹn kì í ṣe owó yẹpẹrẹ fún ẹni tí báńdì ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé wọ́n fún un ní ṣílè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló parí sí. Tí Henderson bá to orin tí ẹlòmíì kọ, bíi “Blue Skies” ti Irving Berlin tàbí “Sometimes I'm Happy”, ẹni tó kọ orin náà àti àwọn tó tẹ ìwé ẹ̀ ló ní rọ́yátì, ìyẹn owó tó ń wọlé lórí orin náà. Ẹni tó tò ó, tó jẹ́ pé títò yẹn gan-an làwọn èèyàn ń rà, kò ní nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Àwọn orin tó jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló kọ ló yàtọ̀ díẹ̀. Kó má dẹ̀ wá dà bíi pé Henderson nìkan ló jìyà ẹ̀: Jelly Roll Morton tó kọ “King Porter Stomp” ṣàròyé owó orin ẹ̀ títí tó fi kú ní 1941.

“King Porter” yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù tí wọ́n bá ní Henderson tà á fún Goodman. Báńdì Henderson ti ń lù ú láti 1928, wọ́n tún gbé e jáde ní 1932 àti 1933. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó kọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Lórí ìtàgé ló ti ń dàgbà, ẹni kan á mú ègé orin kékeré wá, ẹlòmíì á dá a lóhùn, ohun tó bá dùn á dúró, tó fi di odidi orin. Lẹ́yìn náà ni Henderson wá kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé, ìwé yẹn ló sì lọ sọ́dọ̀ Goodman, tí wọ́n fi gbé e jáde ní July 1, 1935. Nínú dọ́là mẹ́tàdínlógójì yẹn, òógùn àwọn ọmọ báńdì tó ti ń fọn ọ́n fún ọdún méje wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kà wọ́n mọ́ ọn.

*

Ẹnì kan yà bàrá síbí, ó ní ṣé òótọ́ ni pé “In the Mood” ti Glenn Miller, òyìnbó míì tó ní báńdì swing, ọ̀dọ̀ Henderson ló ti wá.

Ègé orin tí wọ́n ń lù léraléra nínú ẹ̀ yẹn wà nínú “Hot and Anxious” tí báńdì Henderson gbé jáde ní 1931, Horace àbúrò ẹ̀ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Wingy Manone ti lò ó ṣáájú wọn ní 1930 nínú “Tar Paper Stomp”. Nǹkan tó ń kiri ẹnu àwọn olórin ni, Miller ló kó owó ẹ̀ ní 1939. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé Horace, torí àwọn kan máa ń kó iṣẹ́ ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. “Big John's Special” tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, Horace ni.

*

“Henderson ò mọ báńdì darí.” Èyí ni mo ń retí. Kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀ tí ẹnì kan ò ní sọ ọ́.

Wọ́n á ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò lè bá èèyàn wí, àwọn ọmọ báńdì máa ń pẹ́ débi iṣẹ́. Wọ́n á dárúkọ jàǹbá mọ́tò tó ṣe é ní 1928, pé ìyàwó ẹ̀ Leora, tóun náà ń fọn tìróńpẹ́ẹ̀tì, sọ pé kò padà sí bó ṣe wà mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n á tún dárúkọ eré ìtàgé Great Day ní 1929, tí wọ́n gba báńdì ẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n wá ń fi òyìnbó rọ́pò àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì jà fún wọn. Báńdì yẹn tú ká lórí ẹ̀.

Mi ò ní jiyàn Great Day. Ó dùn mí láti kà á, torí àwọn wọ̀nyẹn ti bá a jẹ bá a mu, ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó kọjá lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ní kò mọ báńdì darí yìí: Armstrong, Hawkins, Redman, Benny Carter, Rex Stewart, Roy Eldridge, Chu Berry. Hawkins lo bí ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ ẹ̀ kó tó kọjá sí ìlú Ọba ní 1934. Ẹni tó ní etí tó mọ èèyàn yàn tó báyìí kì í ṣe òpònú. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí etí àwọn yòókù borí tiẹ̀ ni ti Lester Young, tó wá rọ́pò Hawkins, táwọn ọmọ báńdì ní ohùn ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, àwọn fẹ́ ohùn bíi ti Hawkins. Leora tiẹ̀ ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù Hawkins sí i létí nínú ilé kó lè máa fọn bẹ́ẹ̀! Young bá tiẹ̀ lọ, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ará Kansas City, ayé sì wá mọ ẹni tó jẹ́ nínú báńdì Count Basie.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè: ká ní Henderson le bí irin, ká ní ó ń bu owó ìtanràn lé gbogbo ẹni tó bá pẹ́, ṣé ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì á wá gbé ètò Sátidé yẹn fún un? Rárá o. Ohùn báńdì ẹ̀ ti ń lọ lórí rédíò láti Roseland láti àwọn ọdún 1920, àmọ́ kí ilé-iṣẹ́ ńlá máa sanwó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún báńdì dúdú kó lè máa fi orúkọ wọn polówó ọjà, ìyẹn ò sí lọ́jà ní 1934. Títí di 1937 kí wọ́n tó jẹ́ kí Armstrong di ètò bẹ́ẹ̀ mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn hótẹ́ẹ̀lì ńlá tí báńdì ti ń jókòó jẹun fún oṣù púpọ̀, tí rédíò ti ń gba orin wọn lálaalẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ò gba báńdì dúdú. Báńdì dúdú ló ń sun inú bọ́ọ̀sì, ìlú kan lónìí, òmíì lọ́la. Ìwà pẹ̀lẹ́ Henderson kọ́ ló ṣe òfin yẹn.

*

Bí nǹkan ṣe bú gbàù fún Goodman náà, ẹ gbọ́ ọ, torí àwọn kan ń sọ ọ́ bíi idán.

Àsìkò New York àti ti California yàtọ̀. Nígbà tí Goodman bá ń lù ní alẹ́ pátápátá ní New York, nígbà táwọn àgbà ti lọ sùn, ilẹ̀ ò tíì ṣú púpọ̀ ní Los Angeles, àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ètò náà kógbá wọlé ní 1935, Goodman gbé báńdì ẹ̀ jáde gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, ibi tí wọ́n dé ò gbà wọ́n, Denver gan-an burú. Wọ́n dé Palomar, gbọ̀ngán ijó kan ní Los Angeles, ní August 21, wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe jẹ́jẹ́, nígbà tí wọ́n wá yọ ìwé Henderson síta làwọn ọmọ bá pariwo, wọ́n sún mọ́ ìtàgé. Wọ́n ti mọ orin yẹn tẹ́lẹ̀. Rédíò ti gbé e dé ilé wọn.

Orin Henderson ló wọ Palomar. Henderson ò wọ ibẹ̀.

*

“So Goodman ò jẹ̀bi nǹkan kan nìyẹn?” Ọ̀gbẹ́ni tó béèrè èyí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tó ṣe. Kò fi orúkọ Henderson pamọ́ rí, gbangba ló ń sọ pé ìwé Henderson ló dá ohùn báńdì òun. Ó gbé Teddy Wilson àti Lionel Hampton, àwọn olórin dúdú méjì, sórí ìtàgé pẹ̀lú òyìnbó ní 1936 nígbà tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù ẹ̀. Ní 1936 kan náà Henderson tún báńdì kó jọ ní Grand Terrace, ilé fàájì kan ní Chicago, orin wọn “Christopher Columbus” sì gbayì gan-an, àmọ́ kò pẹ́ náà. Ní 1939 ó tú u ká, Goodman gbà á síṣẹ́, ó ń tò fún un, ó sì tẹ píánò lọ́dọ̀ ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Henderson ní ìparí 1950, Goodman pe Wilson àti Gene Krupa, onílù ẹ̀ àtijọ́, padà ní 1951, wọ́n ṣeré lórí rédíò láti fi kówó jọ fún un. Henderson kú ní December 1952, ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Ẹni tó ń jani lólè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èrè ńlá tó wá láti ọ̀dọ̀ ìwé yẹn, ọ̀dọ̀ Goodman ló dúró sí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Méjèèjì lè jóòótọ́ pa pọ̀, ẹ má fipá mú mi yan ọ̀kan.

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń sọ pé ìparí ayé ẹ̀ ṣófo. Ní 1946 sí 1947, Henderson ń ṣiṣẹ́ ní Club DeLisa ní Chicago, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sonny Blount ló wà nídìí píánò, tó tún ń bá a tún ìwé orin ṣe. Ẹni yẹn ló wá di Sun Ra. Nígbà tó di àgbà tó ń wọ aṣọ dídán tó ń sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ó ṣì máa ń ní kí báńdì ẹ̀ lu orin Henderson láàárín eré, bí Henderson ṣe kọ ọ́.

*

Fún ẹni tó béèrè ibi tóun máa ti bẹ̀rẹ̀: ẹ mú “Down South Camp Meeting” méjèèjì, ti Henderson ní 1934 àti ti Goodman ní 1936. Ìwé kan náà ni. Ti Goodman mọ́ tónítóní, ohùn wọn ṣe déédéé, ó hàn pé wọ́n ti fi ìdánrawò pa ara wọn. Ẹ gbọ́ ibi táwọn onísàsófóònù ti gbé kílárínẹ́ẹ̀tì lápá ìparí, tọ́dọ̀ Goodman dà bí ẹni tó kà á dáadáa. Tọ́dọ̀ Henderson, wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ já síwájú ara wọn, onílù ń tì wọ́n látẹ̀yìn, ó gbóná ju ti Goodman lọ. Àwọn kan á ní ti Goodman ló dáa jù torí pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, èmi ò gbà, ti 1934 ni mo máa ń fi sí i ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tó rò ó sí ibòmíì, kó kọ ọ́ síbí ká jọ jà á.